Bí Abúlé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ṣe Lè Gba Àkóso Owó àti Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀

Ẹ mú ìwé fífẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà sí i títí yóò fi di òpó mẹ́rin. Ní òpó kìíní, ẹ kọ gbogbo ohun tí abúlé yín ń lò: omi, iná, ọ̀nà oko, ọjà, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ààtàn, ilẹ̀ ìsìnkú, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ní òpó kejì, ẹ kọ ẹni tó ń pàṣẹ lórí rẹ̀. Ní ìkẹta, ẹ kọ ẹni tí owó ń jáde lápò rẹ̀. Ní ìkẹrin, ẹ kọ ẹni tí ẹ máa ń sáré lọ bá nígbà tó bá bàjẹ́. Ibi tí ẹni tó ń sanwó bá ti yàtọ̀ sí ẹni tó ń pàṣẹ, ibẹ̀ ni agbára yín ti ń jò. Ọjà ló sábà máa ń dun ni jù nínú ìwé yìí: àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń san owó ìsọ̀, ẹlòmíràn ló ń gbà á, bí òjò bá sì ṣí páànù lórí ìsọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Ẹ má fò ó. Ìlú tó bá fo ìwé yìí á máa bínú sí gbogbo ìjọba lẹ́ẹ̀kan náà, ìbínú bẹ́ẹ̀ kì í sì í tún kòtò kan dí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìwé náà wé òfin. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilẹ̀ ìsìnkú, ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n ń bá ìpínlẹ̀ pín in ni. Títì Ṣágámù sí Ọrẹ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, kánsẹ́lọ̀ yín kò lè fi ọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kó fi ìlérí rẹ̀ gba ìbò lọ́wọ́ yín. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà ní ìhà Ìjẹ̀bú nínú ìwé òfin náà: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú North, Ìjẹ̀bú North East, Ìjẹ̀bú East, Odògbólú àti Ogun Waterside. Mẹ́ta ni ti Rẹ́mọ: Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Rẹ́mọ North. Ìpínlẹ̀ ti fa àwọn LCDA, ìyẹn káńsù kéékèèké, yọ lára wọn, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́sàn-án yìí ni owó láti Àbújá ń wá fún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí LCDA, ẹ lọ, àmọ́ kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé yín ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ tó bí i.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Agbára tó bọ́ lọ́wọ́ káńsù tó wá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́lá kan ṣoṣo nínú abúlé, kò tíì dé abúlé. Àwọn baba wa mọ èyí. Ìjẹ̀bú àtijọ́ kò fi gbogbo nǹkan sọ́wọ́ ẹnì kan: Awùjalẹ̀ tó jẹ́ ọba wà, Ìlámùrẹ́n, àwọn ìjòyè àgbà, wà, Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni, wà, Pàmpá ń sọ̀rọ̀ fún mẹ̀kúnnù, régbérégbé sì ń kó ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan jọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá ọ̀rọ̀ pa, yóò bá ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn, ní ìwọ̀n abúlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìtún, ìyẹn àdúgbò kọ̀ọ̀kan nínú abúlé. Kí ìtún kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn mẹ́ta: obìnrin kan, ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 kan, àti ẹnì kan tó wù wọ́n. Abúlé oní-ìtún márùn-ún á ní ènìyàn 15. Ẹ fi ìjókòó kan kún un fún àwọn àlejò tó ń dáko lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ń san owó ìdáwó, ọmọ wọn ń lọ sí ilé ìwé kan náà, omi kan náà ni wọ́n ń pọn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí ìpàdé sọ. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ìjà lórí omi àti ọ̀nà oko ló ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olórítún, tó jẹ́ olórí ìtún, kò gbọ́dọ̀ yan àwọn mẹ́ta náà fúnra rẹ̀. Ó lè jókòó sí ìpàdé, kó súre, kó parí ìjà, kó má dìbò.

Òfin ẹgbẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé mẹ́rin lọ, kí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lè gbọ́ ọ parí ní ìjókòó kan. Kò gbọ́dọ̀ ṣaláìsọ nǹkan wọ̀nyí: ènìyàn 11 nínú 16 ló gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí ìpinnu tó dúró, sáà jẹ́ ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, alága kò ní tọ́jú owó, akápò kò ní kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, akọ̀wé kò ní buwọ́ lu ìwé báńkì. Ẹni mẹ́ta láti ìtún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa ní ìbuwọ́lù, méjì nínú wọn sì ni yóò máa gba owó jáde. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọmọ ìtún kan náà, tàbí ọmọ ìyá, ìbuwọ́lù kan ṣoṣo lẹ ní.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti ìdálẹ̀ gba ọgbọ́n. Àwọn ló ń fi owó ńlá ránṣẹ́, wọ́n sì máa ń fẹ́ pàṣẹ tó bá owó wọn mu. Iléyá, Ọdún Àjíǹde àti ìparí ọdún nìkan ni wọ́n ń wálé. Abúlé tó bá ń ṣe gbogbo ìpàdé rẹ̀ ní àsìkò yẹn, àlejò ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹ pín in báyìí: ohun ojoojúmọ́, bí omi, ọjà àti ààtàn, àwọn tó ń sùn nílé ni kó pinnu rẹ̀ ní ìpàdé oṣooṣù. Iṣẹ́ ńlá tí owó ìdálẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ fún wọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò ọdọọdún ni kí ẹ gbé sí àsìkò Iléyá. Ẹ má fi sí ọjọ́ kẹta, nítorí Ojúde Ọba ni, kò sẹ́ni tó máa jókòó gbọ́ ìṣirò lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹrin ló dáa.

Ìgbà tí èyí bá ti dúró ni kí ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní CDA, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbègbè ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ mú òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ fi dìbò, orúkọ àti fọ́tò àwọn olóyè, àti àwòrán ilẹ̀ tó fi ààlà abúlé hàn dání. Lórí ààlà ni ìwé ti máa ń há, torí abúlé méjì lè máa pe ilẹ̀ kan ní tiwọn. Ẹ pe abúlé tó bá yín pààlà kí wọ́n buwọ́ lu àwòrán náà kí ẹ tó kúrò nílé. Ìwé ẹ̀rí yẹn lẹ máa fi ṣí àkáǹtì báńkì.

Owó ilé

Ẹ má fi iye ilé tó wà ní abúlé ṣe ìṣirò, iye ilé tó máa san ni kí ẹ lò. Abúlé oní-ilé 120 tó dá ₦1,000 lóṣù, kó má retí ₦120,000. Bí ilé mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá san nínú oṣù kẹta, wọ́n gbìyànjú. Ẹ fi méje ṣe ìṣirò: ₦84,000 lóṣù, ₦1,008,000 lọ́dún. Nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ya ìdajì sọ́tọ̀ fún àtúnṣe títí tí yóò fi tó owó ẹ̀yà tó wọ́n jù nínú ohun tí abúlé ní. Fún ọ̀pọ̀ abúlé, pọ́ǹpù inú kànga ẹ̀rọ ni. Ìgbà tó bá tó bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tó dáwọ́ lé iṣẹ́ tuntun. Kànga ẹ̀rọ tí olóṣèlú gbẹ́ tó dákú lẹ́yìn ọdún méjì, kì í ṣe omi ló gbẹ, owó pọ́ǹpù ni kò sí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti kó lọ sí Èkó.

Ìwé ẹ̀rí owó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára, kó sì ní ẹ̀dà. Ìwé kan ṣoṣo ni kó wà lóde lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ìwé méjì bá ti wà lóde, ọ̀kan ti ẹgbẹ́ ni, èkejì ti olúwarẹ̀ ni. Owó tó bá wà lọ́wọ́ akápò kò gbọ́dọ̀ kọjá ₦20,000. Ìyókù á dé báńkì láàárín ọjọ́ méje. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún oṣù, kí akọ̀wé fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan mẹ́rin sí pátákó ní gbàgede: ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tó wọlé, ohun tó jáde àti ohun tí wọ́n fi rà, ohun tó kù. Ẹ lè fi fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n pátákó ni kó ṣáájú, torí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ti sanwó, kò sì ní fóònù.

Ẹ̀gẹ́, níbi tí agbára òwò wà

Káńsù kọ́ ló ń dá iye tí àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú ń pa, àkókò ni. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá ti wú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ní bá yín jà, á kàn dúró. Bí ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ àti jáàkì ìfúngbẹ bá wà nínú abúlé, tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà lè dúró. Gàrí tó gbẹ dáadáa lè wà nínú àpò fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ láìtan ara yín. Tọ́ọ̀nù kan ẹ̀gẹ́ tútù máa ń di gàrí kílò 200 sí 250. Ẹ mú 220. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tó wà níhìn-ín, ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ jẹ́ ₦80,000, kílò gàrí sì jẹ́ ₦600: gàrí yẹn á pa ₦132,000. Ẹ yọ owó ẹ̀gẹ́. Ẹ yọ ₦8,000 fún bíbó, ₦6,000 fún rírin àti fífún, ₦15,000 fún yíyan, ₦7,000 fún igi ìdáná, ₦6,000 fún àpò àti ọkọ̀. Ohun tó kù jẹ́ ₦10,000. Bí owó gàrí bá sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá wálẹ̀, ₦13,200 ti lọ, ẹ ti wọ gbèsè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ gàrí á sọ abúlé di ọlọ́rọ̀ kò tíì ṣe ìṣirò yìí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé oníbàárà ò ní lè gbé iye ẹ̀gẹ́ sísàlẹ̀ ju ibi tí ẹ ti lè sọ pé, “Ẹ máa lọ, a máa rin ín.” Bẹ́ẹ̀ sì ni ₦36,000 tó lọ sí bíbó, rírin, yíyan àti igi ń dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ abúlé.

Fún abúlé oní-ilé 120, ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ kan tó ń lo ẹ́ńjìnnì kékeré, jáàkì méjì àti agbada mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ra bẹ́líìtì méjì pamọ́. Kí ọmọ abúlé kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì náà, torí ẹ̀rọ tó bá ń dúró de mẹkáníìkì ìgboro fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ ti bàjẹ́. Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún lóró. Ó ń pa ẹja inú odò, ó sì ń ba kànga jẹ́. Ẹ gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ dà sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọjà mọ̀ ọ́n ní gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó yan án, kí asẹ́ yín dá, kí wóró rẹ̀ wẹ́. Gàrí tí wọ́n fi kánjú yan lọ́jọ́ kejì kì í kan, oníbàárà á sì fi ahọ́n mọ̀.

Ilẹ̀ tí ẹ máa kọ́ ọ sí nìkan ló lè pa gbogbo rẹ̀ run. Olóyè á ní, “Ẹ lo ilẹ̀ mi,” gbogbo ènìyàn á patẹ́wọ́, kò ní sí ìwé. Ọdún kẹjọ, olóyè kú, àwọn ọmọ dé láti Èkó. Ilẹ̀ ẹbí tí ẹnì kan fi tọrẹ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfin ka ìtọrẹ náà sí asán. Bí olórí ẹbí bá dá a ṣe láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé yòókù fọwọ́ sí i, asán náà ni. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé ìtọrẹ, pẹ̀lú àwòrán sọ̀fíyọ̀, kó sì wá sí orúkọ ẹgbẹ́. Bí wọn ò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, ẹ wá ilẹ̀ míràn, bó tilẹ̀ jìnnà.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni ẹ̀rọ náà, kí CDA má ni ín. Iṣẹ́ méjì ni: CDA jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, àkóso ni iṣẹ́ rẹ̀, alájẹṣẹ́kù jẹ́ ti ẹni tó fi owó sí i, ó gbọ́dọ̀ jèrè tàbí kó kógbá wọlé. Ibi tí wọ́n bá ti pa méjèèjì pọ̀, owó omi ni wọ́n á fi ra epo ẹ́ńjìnnì. Ó kéré tán ènìyàn mẹ́wàá lẹ nílò láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, yálà ìpín rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tàbí ogún. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ju ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ lọ, kí onídùúró méjì sì wà. Ìjẹ̀bú kò ṣàjèjì sí irú nǹkan báyìí: ìpàdé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ ṣagbátẹrù rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ìparí àwọn ọdún 1990 ló bí ìgbìmọ̀ tó ń yá ará ìlú lówó kékeré láti dín òṣì kù.

Ìgbà tí ẹ bá dé káńsù

Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, pé gómìnà kò lágbára láti tú káńsù tí wọ́n dìbò yàn ká, àti pé káńsù tí wọn ò dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ gba owó náà. Ìdájọ́ ńlá ni. Kò dá gọ́tà kan sí iwájú ilé yín. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ gómìnà lè jókòó sọ́wọ́ alága káńsù, kó má tún kúrò níbẹ̀ mọ́, àfi bí ẹnì kan bá ń béèrè.

Oṣù Kìíní ni ọdún ìnáwó ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé yín gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó jókòó ti ìṣúná, Oṣù Kẹjọ tàbí Oṣù Kẹsàn-án ló dáa jù. Ojú ìwé kan péré, ohun kan péré. “Ẹ bá wa ṣe ọ̀nà” kò ṣeé kọ sínú ìṣúná. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n: gọ́tà mítà 180, láti ẹ̀gbẹ́ ọjà dé afárá, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, jíjìn 60. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀: gbígbẹ́ ilẹ̀ nípa ọ̀wẹ̀, yanrìn, ibi tí oníṣẹ́ máa sùn. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ìkẹta kí ẹ mú un padà sílé. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́.

Ní Oṣù Kejì, ẹ béèrè ẹ̀dà ìṣúná láti wo bóyá gọ́tà yín wà níbẹ̀. Òfin ìwífún ti 2011, tí wọ́n ń pè ní FOI, fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje míràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Ẹ kò nílò láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tó bá ní ti Àbújá nìkan ni, ẹ rọra sọ fún un. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ yín lónìí ló máa wá fáìlì yín lọ́la.

Bí iṣẹ́ bá dé, ẹ gba ẹ̀dà ìwé tó sọ iye nǹkan tí wọ́n máa lò. Ẹ yan ẹni mẹ́ta láti máa wò ó, kí bíríkìlà abúlé jẹ́ ọ̀kan. Àpò sìmẹ́ǹtì kílò 50 kan kò yẹ kó ṣe ju búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án bíi 30 sí 35 lọ. Bí kọngílá bá ń rí 50, yanrìn ló ń tà fún yín. Kọnkéré gọ́tà jẹ́ gárawá sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Kí wọ́n fi omi rin ín fún ọjọ́ méje. Àwọn mẹ́ta yìí kò gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ tàbí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ kọngílá, kí CDA fún wọn. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ bá òṣìṣẹ́ jà níbi iṣẹ́: kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n kọ ọjọ́, kí ìwé dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà káńsù lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú: ẹni tó bá di oyè mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù, kó má di alága, akápò tàbí akọ̀wé CDA. Ó lè jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bùn wá nígbà ìbò, ẹ gbà á, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kí ẹ béèrè ẹni tó máa san owó àtúnṣe rẹ̀ kí wọ́n tó kan orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ọn lára.

Ìyípadà sáà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń wó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹni méjì tí kì í ṣe olóyè ka ìwé ẹ̀rí owó láti nọ́ńbà kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n sì fi wé ìwé báńkì. Ní ọjọ́ náà, ẹ gbé gbogbo nǹkan sórí tábìlì ní gbàgede: ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n lò àti èyí tó kù, ìwé àkọsílẹ̀, òǹtẹ̀, ìwé ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kànga àti ti ọjà, ìwé tí káńsù lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ kà wọ́n sókè, kí àtijọ́ àti tuntun buwọ́ lu orúkọ wọn. Láàárín ọjọ́ méje, kí wọ́n jọ lọ sí báńkì láti pààrọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lùwé. Títí báńkì yóò fi pààrọ̀ wọn, ẹ má gba kọ́bọ̀ jáde.